Ìborí Dúdú Nílé Ìyá Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Nòfẹ́ńbà. At-Bashy, abúlé wa.

A ti sọ fún Màmá. Bàbá Omurkul, àbúrò bàbá mi, ló kó àwọn àgbà àdúgbò wá kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n bèèrè àgùntàn àti koríko. Màmá kàn ń wò wọ́n ni. Ó mọ bí àwọn àgbà ṣe ń rìn tí wọ́n bá gbé irú ìròyìn yẹn bọ̀. Obìnrin méjì ti lọ jókòó sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n rọra di apá rẹ̀ mú.

Bàbá Omurkul ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣọkàn gírí. Ẹyẹ idì kan fò kúrò lọ́wọ́ yín, ó lọ sọ́nà jíjìn. Kò ní padà wá bà lé ọwọ́ yín mọ́."

Àwa méjì ni Màmá bí. Ó wò mí, ó wò mí títí, ó wá ní, "Èyí ń bẹ níhìn-ín. Ernis ni."

Lẹ́yìn náà ló gbé arò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ohùn rẹ̀ kò já. Gbogbo orúkọ tó fi ń pe Ernis, àbúrò mi ọkùnrin, nígbà tó wà ní kékeré ló fi sínú arò náà. Lórí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Rọ́ṣíà ni Ernis ti já bọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé e dé.

Àwọn tó ń gbàgbé ni mò ń tọ́jú ní Bishkek, olú ìlú wa, láti ogún ọdún. Mo mọ̀ pé láti ọdún méjì yìí, ohun tuntun kì í pẹ́ lórí Màmá. N kò sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Mo rò ó pé ikú ọmọ tóbi ju ohun tí orí lè gbé jù nù lọ. Kì í ṣe dókítà ló rò bẹ́ẹ̀, ọmọ Màmá ló rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n gbé e dé lọ́sàn-án. A ti na àgọ́ onírun síwájú ilé. Màmá àti Meerim, ìyàwó Ernis, jókòó sínú rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà bí obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ń jókòó. Bí àwọn ọkùnrin bá ti ń bọ̀ tẹkúntẹkún lóde, àwọn obìnrin á gbé arò, Màmá á sì ṣáájú wọn. Kò ṣì í ṣe títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Mo ní èrò mi ti tọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà

A sin ín. Òjò dídì bo orí òkè, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ ti le, irin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́rú, 5 Nòfẹ́ńbà

A ká àgọ́ lánàá, torí àwọn tó yá wa ní àgọ́ náà ní òkú mìíràn tí wọ́n fẹ́ nà án fún.

Láàárọ̀ yìí Meerim ń bu tíì fún Màmá. Màmá wo orí rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìborí dúdú nìyẹn. Ta ló kú nílé yín?"

Meerim dáwọ́ dúró. Ó wò mí.

"Ṣé màmá rẹ ni? Ara rẹ̀ kò yá nígbà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. O ò wá sọ fún mi. Ṣé èmi lo yẹ kí o fi ọ̀fọ̀ pamọ́ fún?"

"Kì í ṣe màmá mi, Màmá."

"Ta wá ni?"

"Ọmọ yín ni."

Meerim kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ níwájú Màmá, kò pè é rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Màmá yíjú sí mi bó ṣe ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Èyí ń bẹ níhìn-ín," ó ní. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò gbọ́ ọ rí. Ó sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó jí, ó bọ́ síta, ó bá Meerim níbi tó ti ń kó eédú.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ta ló kú nílé yín?"

Ọjọ́bọ̀, 6 Nòfẹ́ńbà

Meerim da òróró sí ìkòkò irin, ó dín boorsok, àkàrà ìyẹ̀fun ti àwọn òkú, kí òórùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Màmá gbọ́ òórùn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín, ó jáde wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó jókòó, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó ka àwọn òkú rẹ̀ fún àdúà: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó kú lọ́mọ ọwọ́, bàbá mi. Kò fo ẹnì kankan. Kò fi ẹnì kankan kún un.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Nòfẹ́ńbà

Kalima, aládùúgbò wa, gbé wàrà wá, ó sì bá Màmá nínú ẹkún. Nígbà tí mo sìn ín síta, ó ní, "Dókítà, ẹ ṣàlàyé fún mi. Arò tó kọ́ nígbà tó wà lọ́mọge ò sọ nù lórí ẹ̀. Báwo ni ikú ọmọ ẹ̀ á ṣe wá sọ nù?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ẹbí aláìsàn. Ìrántí kì í ṣe àpótí kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ní ìtòsí etí, ibì kékeré kan wà tó ń so ohun tuntun pọ̀: ojú tí a rí, ọ̀rọ̀ tí a gbọ́, ibi tí a jókòó sí. Bí kò bá so wọ́n, wọ́n á tú ká bí ìdì koríko tí okùn rẹ̀ já. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lórí Màmá. Ohun tí a ti so láti ọjọ́ pípẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ibẹ̀ mọ́. Ohun tí ọwọ́ àti ẹnu fi àṣetúnṣe kọ́, bí arò, bí àdúà, bí fífún wàrà, ibòmíràn ni tirẹ̀ wà.

Kalima ní, "Ti ọkọ mi ńkọ́? Ọ̀nà oko koríko ló máa ń gbàgbé. Kò gbàgbé ọ̀nà ilé ọtí rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti délé.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ ló ń lọ, ìbànújẹ́ kì í bá a lọ. Lẹ́yìn tí Màmá bá ti gbàgbé ohun tí a sọ, àyà rẹ̀ á ṣì wúwo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Á máa nu ojú, á máa bi mí pé, "Kí ló ń pa mí lẹ́kún?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Nòfẹ́ńbà

Mo bẹ Meerim pé kó ṣí ìborí dúdú náà nínú ilé.

Ó ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kan gbáko ni opó ń wé e. Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó o bá ń jáde, wé e."

"Èmi á mọ̀."

"Òun ni Màmá ń rí tó fi ń bèèrè, Meerim. Bí kò bá rí i, kò ní bèèrè. Ní gbogbo ìgbà tó bá bèèrè, ṣe lò ń tún Ernis pa fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó dáwọ́ ìyẹ̀fun dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá Omurkul wà lórí àkéte lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù eédú, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "A kì í fi òkú ọmọ pamọ́ fún ìyá," ó ní. "A sọ fún un bó ti yẹ, lójú àwọn àgbà. Tó bá gbàgbé, ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà."

"Bàbá, ọwọ́ wa ló wà. Àwa là ń dì í mú tó bá ń gbọ̀n."

"Ìwọ ni dókítà," ó ní. "Bó bá jẹ́ ẹṣin ló ń ṣàìsàn, ǹ bá bá ọ jiyàn."

Ọjọ́rú, 12 Nòfẹ́ńbà

Ìborí aláwọ̀ ilẹ̀ ni Meerim wé. Màmá kò bèèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà

Ilé tòrò. Eédú ti wọ́n sí i, ó tún kún fún erùpẹ̀. Màmá jókòó sójú fèrèsé, ó ń ran ìlà àárín àkéte onírun tó ti pa tì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé ibi tó dé. Ó ní mo ti sanra, pé oúnjẹ Bishkek ti sọ mí di ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó tún un sọ lẹ́yìn tíì, ó tún un sọ nírọ̀lẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tó bá sọ ọ́.

Mo ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún ìsinmi mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Nòfẹ́ńbà

Màmá yọ egungun tó dára jù nínú ẹran sọ́tọ̀, ó fi aṣọ bò ó. "Ti Ernis nìyẹn," ó ní. Meerim gbé abọ́ tirẹ̀ dìde, ó lọ jẹun ní gbàgede nínú òtútù.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Nòfẹ́ńbà

Mo rò pé mo ti wo ọgbẹ́ kan sàn. Òmíràn ni mo dá sí i lára.

Ọjọ́ Àìkú ni Ernis máa ń pe Màmá. Màmá lè má mọ ọjọ́ tí a wà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìpè kan ti ń pẹ́ jù. Láàárọ̀ yìí ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Meerim má bàa gbọ́.

"Ó ń bínú sí mi ni. Mo bú u lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo ní tó bá lọ sí Rọ́ṣíà, kó má pe ara ẹ̀ lọ́mọ mi mọ́."

"Màmá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́. Ibi tí mo dúró sí nìyí. Ó ti gbé ẹrù ẹ̀ sọ́wọ́."

Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Màmá ló ta màlúù kó lè rówó ọkọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ló bù sí i níwájú orí kí ọ̀nà rẹ̀ lè funfun, gbogbo wa sì fi ìyẹ̀fun tó dà sí i ní irunmú ṣe yẹ̀yẹ́.

Orí kì í fẹ́ àlàfo. Màmá mọ̀ pé ọmọ òun kò pè, ó mọ̀ pé àyà òun wúwo, kò mọ ìdí, ni orí rẹ̀ bá hun ìdí kan. Kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ń purọ́ mọ òtítọ́ tó fi pamọ́. Òun kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe gba orúkọ ara rẹ̀ gbọ́.

Ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́. "Bá mi pè é, Anara. Sọ fún un pé mo tọrọ àforíjìn."

Mo di fóònù náà mú. Mo ń tẹ̀ ẹ́, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Nòfẹ́ńbà

Àlejò wá láti ìlú Naryn. Mo tún ìtàn ìpè ìkẹyìn sọ fún wọn, bí mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa: pé Ernis pè mí nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọ̀la, pé ó ní òtútù Rọ́ṣíà ń mú kí sìmẹ́ńtì dì nínú garawa, pé ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sunkún. Meerim ń bu tíì, kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo wá ìpè náà nínú fóònù mi, mo kàn fẹ́ rí orúkọ rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀ tó pè mí kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ oògùn Màmá la sọ, ó kánjú, èmi náà kánjú, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Meerim ni Ernis pè lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Meerim ló sọ ti sìmẹ́ńtì fún mi, nínú àgọ́, nígbà tá a ń dúró de òkú.

Mo mọ orúkọ tí à ń pe irú àṣìṣe yìí, mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Orí a máa pa ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ mọ́, á sì sọ ibi tí a ti gbọ́ ọ nù. Tí a bá wá ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ ọ́, ṣe là ń tún un kọ́, títí á fi di tiwa. Ọpọlọ mi yè kooro. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ létí mi.

Mo lọ bá Meerim nídìí sítóòfù. "O gbọ́ mi tí mò ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kí ló dé tí o ò dá mi lẹ́kun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní ìpè ìkẹyìn tiyín," ó ní. "Mo ní kí ẹ mú tèmi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Nòfẹ́ńbà

Meerim wé ìborí dúdú wá síbi tíì àárọ̀. Kí Màmá tó jí ni.

"Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin ń tọ́jú Màmá, Màmá ń retí ẹ̀. Tí mo bá fi ìborí aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn sórí pẹ́ sí i, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹ̀. Lánàá mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo lọ̀ ọ́."

Mo bu tíì kún ife rẹ̀.

Màmá jí, ó bèèrè, Meerim sọ fún un.

Ọjọ́rú, 26 Nòfẹ́ńbà

Mo pinnu pé màá bi Màmá fúnra rẹ̀, mo kàn yí i pa dà. Ojú rẹ̀ dá láàárọ̀, ó ń ran àkéte.

"Màmá, ìyá kan wà ní Bishkek, ó ń gbàgbé. Ọmọ ẹ̀ kú. Ṣé kí wọ́n sọ fún un?"

"Ṣé òun ló bí i?"

"Òun ló bí i."

"Kí wọ́n sọ fún un."

"Á gbàgbé. Á tún máa sunkún ẹ̀ lọ́la."

"Kó sunkún ẹ̀. Ta ló fẹ́ kó wá bá a sun ún?" Ó fi eyín já òwú. "Ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà láyé, tí ìyá ẹ̀ ò sunkún ẹ̀, ṣé èèyàn ló bí i àbí ajá?" Ó wò mí dáadáa. "Ìwọ lo ní kí wọ́n má sọ fún un."

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní, ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27 Nòfẹ́ńbà

Mo jókòó ti Meerim, mo sọ ohun tí mo rò fún un. Ohun tí orí Màmá kò lè so, àṣetúnṣe lè gbìn ín, díẹ̀díẹ̀, tí a bá ń sọ ọ́ níbì kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, tí a kò jẹ́ kó méfò. Kí ìborí dúdú wà lórí Meerim. Lójoojúmọ́, nígbà àdúà àárọ̀, tí Màmá bá ti ka bàbá mi tán, kí ó tó fọwọ́ pa ojú, Meerim á ní "àti ọmọ yín," èmi á ní "Ernis." Kò ní sí ẹyẹ idì, kò ní sí ọ̀nà jíjìn. Tí Màmá bá bèèrè nígbà mìíràn, kí Meerim di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó ní, "Mo ń ṣọ̀fọ̀, Màmá," kó má fi kún un.

"Ṣé á mọ̀ nígbà náà?" Meerim bèèrè.

Mo ní ẹnu rẹ̀ lè mọ̀. N kò lè ṣèlérí fún ìyókù.

A bẹ̀rẹ̀ lónìí, nídìí òróró boorsok. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ Màmá wà lófuurufú bẹ́ẹ̀, kò fi pa ojú. Ó sunkún títí ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Nòfẹ́ńbà

Ó sunkún.

Ọjọ́rú, 3 Disẹ́ńbà

Ó sunkún, kò pẹ́ tó tàná. N kò mọ̀ bóyá kí inú mi dùn. Òtútù mú débi pé omi dì nínú garawa ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 8 Disẹ́ńbà

Ogójì ọjọ́ tí Ernis kú. Ẹbí kún ilé. Màmá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó ń kí gbogbo èèyàn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọn kò gbàgbé bàbá mi. Sàráà bàbá mi ló rò pé à ń ṣe. Àwọn èèyàn ń wojú ara wọn. Mo ti fẹ́ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Meerim mú un lọ sáàárín àwọn obìnrin, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Meerim fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ arò, ohùn rẹ̀ kò dùn, ó ń já. Màmá tẹ́tí. Nígbà tó di ẹsẹ kejì, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Arò Ernis ni, èyí tó dá nínú àgọ́, pẹ̀lú gbogbo orúkọ kékeré rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Bàbá Omurkul ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fìlà bo ojú.

Nídìí oúnjẹ, Màmá fà mí mọ́ra. "Àwọn àlejò yìí pọ̀," ó ní. "Kí là ń ṣe?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Disẹ́ńbà

Òjò dídì ti dé ojú fèrèsé. Wọ́n ti ọ̀nà orí òkè. Màmá bèèrè ìborí lẹ́ẹ̀mejì, Meerim di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 18 Disẹ́ńbà

Wọ́n ti ṣí ọ̀nà. Ọ̀la ni màá padà síbi iṣẹ́.

Meerim gbé òróró kaná láàárọ̀. Bí òórùn ṣe jáde ni Màmá dé, ó jókòó, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀. Bàbá mi. Meerim yíjú sí i láti sọ tirẹ̀, èmi náà ti la ẹnu.

"Àti Ernis, ọmọ mi," Màmá ní.

Kò sunkún. Ohùn tó fi pe bàbá rẹ̀ náà ló fi pè é, bí ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún tipẹ́. Ó fọwọ́ pa ojú, ó ní àmín.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Meerim. Ó bo ojú, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò rí i kó sunkún níwájú wa. Màmá na ọwọ́, ó fà á mọ́ra títí orí rẹ̀ fi dé itan rẹ̀.

"Kí ló dé? Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ọkọ ẹ á dé tí koríko bá hù. Á dé, wà á rí i."

Meerim gbé ojú sókè wò mí láti ibi tó wà. Mo mọ àlàyé rẹ̀: ibi tí àdúà wà lórí èèyàn àti ibi tí ìrètí wà kì í fi gbogbo ìgbà gbúròó ara wọn. N kò sọ ọ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá," Meerim ní. Ó sì gbé orí padà sílẹ̀.

Màmá ń fọwọ́ pa ìborí dúdú náà, ó ń tẹ́ ẹ dáadáa sí i lórí, kò bèèrè ẹni tó kú. Boorsok ti ń jó. Mo dìde lọ gbé ìkòkò kalẹ̀.